Ẹni Tó Sún Ilé Ìgbẹ̀bí

Bí ẹ bá dé Ìdèrè tí ẹ béèrè Mùnírátù ọmọ Alfa Sàláúdéènì, wọ́n lè máa wò yín lójú bí àjèjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní obìnrin oníkọ̀ǹpútà tó hú òkú lẹ ń wá, kíá ni wọn á nawọ́ sí ọ̀nà Ìgbó-Ọrà fún yín, wọn á sì tún bá yín ṣépè lé e láìgba kọ́bọ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní sọ fún yín ni pé ìfẹ́ ló kó ọmọ ọlọ́mọ sí i.

Ọdún 1994 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èrúwà, ní ọ́fíìsì Ẹnjinníà Zachariah, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò ilé kíkọ́. Nígbà náà, ohun ìwòran ni kọ̀ǹpútà ṣì jẹ́ lágbègbè wa. Zachariah ra ẹyọ kan, ó fi aṣọ bò ó bí ẹlẹ́hàá, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó àfi Mùnírátù tó lọ kọ́ ọ n'Íbàdàn. Iṣẹ́ tí ó ń fi í ṣe nìyí: bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé ńlá, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń ya yàrá àti ògiri, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń ṣètò òpó àti ìpìlẹ̀, ọ̀tọ̀ ni olómi, ọ̀tọ̀ ni oníná. Kálukú á ya tirẹ̀ sórí bébà, á gbé e wá. Mùnírátù á tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á sì tò wọ́n léra, ògiri ní funfun, òpó ní pupa, omi ní búlúù, iná ní yẹ́lò. Ibẹ̀ ni àṣírí ti máa ń tú, pé páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fẹ́ gba inú òpó kọjá, tàbí pé oníná ti fi ibi títan iná sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Wọn á tún un ṣe kí kọngílá tó gba iṣẹ́ ilé náà tó da kọnkéré.

Zachariah ní ìwà kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń bẹ̀rù. Àwòrán tí wọ́n bá ti rí àṣìṣe nínú rẹ̀, á fi bírò pupa kọ orúkọ ẹni tó yà á sí i gàdàgbà, á sì gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo àlejò máa kà á. Ó máa ń pe ògiri náà ní tíṣà. Àgbà ọkùnrin ti torí ògiri yẹn sunkún rí.

Àṣìṣe ló mú Akínyẹlé, ọ̀kan lára àwọn tó ń ya yàrá àti ògiri, wọ inú ayé Mùnírátù. Lọ́jọ́ kan, ó to àwòrán ilé ẹ̀kọ́ kan léra, ó rí i pé òpó dúró gbọnin láàárín ẹnu ọ̀nà.

Ó kígbe sí Edith, akọ̀wé tó ń tẹ taipu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, “Sístà Edith, ẹ gbà mí! Ta ni ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ kí àwọn ọmọ ọlọ́mọ máa gba inú òpó wọ kíláàsì?”

Ohùn kan dáhùn lẹ́yìn rẹ̀, “Èmi ni. Ṣé ẹ kì í kí èèyàn níbí kẹ́ ẹ tó bú u?”

Mùnírátù yí padà. Ọkùnrin tó rí ga, ó dúdú, ó ká bébà àwòrán sábẹ́ abíyá, ẹ̀rín sì kún ẹnu rẹ̀. Ojú ti ọmọbìnrin náà, ó yára yíjú padà sí kọ̀ǹpútà. Ó sún ilẹ̀kùn náà kúrò lójú òpó kí Zachariah tó wọlé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwòrán Akínyẹlé kò dé ara ògiri lọ́jọ́ náà. Àṣé àṣà burúkú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárín ara wọn yẹn, àmọ́ adùn ló bá wá, kò sẹ́ni tó fura.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Akínyẹlé kì í wá sí Èrúwà, ó láwòrán o, kò láwòrán o. Edith, opó ọlọ́mọ mẹ́ta tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀.

“Múní, ọkùnrin yìí ò wá wo kọ̀ǹpútà.”

“Kí ló wá wò, Sístà?”

“Bi í fúnra rẹ. Ó ti bẹ̀ mí kí n bá òun bi ọ́, bẹ́ẹ̀ èmi ò mọ iye owó tí wọ́n ń san fún alárenà lásìkò yìí.”

Ara Mùnírátù yá gágá. Ó fẹ́ràn Akínyẹlé tọkàntọkàn, kò sì sí àrékérekè níbẹ̀. Ohun tó ń dẹ́rù bà á ni ilé àwọn méjèèjì. Ọmọ Alfa ni òun, ó ti parí kéwú kó tó wọ ilé ìwé gíga. Akínyẹlé sì jẹ́ ọmọ Bàbá Ògúnwùmí, olórí àwọn ọdẹ kan ní Ìdèrè, ilé tí wọn kì í fi ọdún Ògún ṣeré.

Nígbà tí Edith lọ bá wọn dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Alfa ò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó tán. Ó ní, “Kí n mú ọmọ mi lọ fún ọmọ ẹni tó ń pajá f'Ógún? Wàláhì, ó sàn kó jókòó sílé.” Ní Ìdèrè, Bàbá Ògúnwùmí ní, “Àwọn tó ń pè wá ní kèfèrí? Ṣé wọn á bá mi jẹ ẹran tí mo bá fọwọ́ ara mi pa?” Edith gbé èyí lọ, ó gbé tọ̀hún bọ̀, títí tí àwọn awakọ̀ Ìdèrè fi ń fi orúkọ pè é. Ọdún méjì gbáko ni wọ́n lò lórí rẹ̀.

Ẹran náà ló yanjú ọ̀rọ̀. Nígbà tí Mùnírátù kọ́kọ́ lọ kí Bàbá Ògúnwùmí, bàbá gbé abọ́ ẹran ìgbẹ́ síwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Akínyẹlé ń ṣẹ́jú sí i pé kó fi díẹ̀ kan ẹnu. Mùnírátù kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ẹran tí wọn ò ṣe bísímílà sí, n ò lè jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níṣu.”

Ni bàbá bá bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu itan rẹ̀. Ó ní, “Ẹlòmíràn á jẹ ẹ́, á lọ bì í sẹ́yìn ilé. Ẹni tó lè kọ̀ fún mi lójú ara mi, èyí ò lè parọ́ fún mi láéláé. Ẹ gbé iṣu wá fún ìyàwó mi!” Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní Ìyàwó Oníṣu. Bí Akínyẹlé bá dé láti Èrúwà, òun ni bàbá máa ń kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí Alfa gbọ́ pé ọmọ òun kò jẹ ẹran náà, ọkàn tirẹ̀ náà rọ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ so yìgì, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Wọ́n mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí ìparí oṣù kẹrin ọdún 1997.

Oṣù kẹta ọdún náà ni iṣẹ́ ilé ìgbẹ̀bí Ìdèrè dé. Ìdílé Ògúnwùmí ló fi ilẹ̀ sílẹ̀, ahoro ilé wọn àtijọ́, tó ku àlàpà àti koríko. Ọmọ wọn ló sì máa ya ilé náà. Akínyẹlé gbé àwòrán rẹ̀ wá, ó lọ sí Èkó fún iṣẹ́ mìíràn. Kò sí fóònù tí wọ́n lè fi bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Mùnírátù to àwọn àwòrán náà léra, ọ̀rọ̀ sì dojú rú. Òpó, omi àti iná bára mu rẹ́gí, wọ́n sì bá èèkàn tí wọ́n kàn mọ́ orí ilẹ̀ náà mu. Ògiri Akínyẹlé nìkan ló yà lọ sí ìlà oòrùn bí ìgbésẹ̀ méjì. Àwọn òpó dúró síta gbangba, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ omi wà lójú ọ̀nà tí àlejò máa gbà wọlé.

Edith bẹjú wò ó. “Dúró dè é kó dé,” ó sọ bẹ́ẹ̀.

“Ìgbà wo ló ń dé? Kọngílá ti kó àwọn agbẹ́lẹ̀ débẹ̀, òjò sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.”

“Sọ fún Ẹnjinníà nígbà náà.”

Mùnírátù wo ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí bí wọ́n ṣe máa gbé àwòrán ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọ́ síbẹ̀, tí bírò pupa á kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, nígbà tó ku oṣù kan kí àwọn àna wá. Ó rò ó pé Akínyẹlé ṣì í wọ̀n ni, bó ṣe ṣi ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́sí. Ó ní, “Sístà, ẹ jẹ́ n bá a bò ó láṣìírí. Ẹ má sọ fún un pàápàá, kí ojú má bàa tì í.”

Ló bá fi ìka sún gbogbo ilé ìgbẹ̀bí náà padà sórí òpó. Funfun bọ́ sórí pupa, ó jókòó pẹ́kípẹ́kí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn bí ìgbà tí èèyàn bá tún kọ́là aṣọ ṣe fún olólùfẹ́ rẹ̀. Wọ́n tẹ àwòrán jáde, kọngílá gbé e lọ.

Ọjọ́ kẹta ni awakọ̀ kan sáré wọ ọ́fíìsì, ó ní wọ́n ń ké ní Ìdèrè. Nígbà tí Mùnírátù àti Edith máa fi débẹ̀, èrò ti pé lé ihò ìpìlẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ẹní sílẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bo ohun tí wọ́n hú jáde. Ẹ̀gbà irin kan tí ìpẹtà ti jẹ ló yọ létí aṣọ. Bàbá Ògúnwùmí jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní náà láìdé fìlà, kò wo ẹnikẹ́ni. Bàbá tó bí i ni wọ́n hú. Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láyé àtijọ́, kó tó di pé ilé wó lé e.

Ìgbà náà ni Akínyẹlé bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò Èkó pẹ̀lú báàgì rẹ̀. Ó wo ihò, ó wo ẹní, ó fa Mùnírátù lọ sẹ́yìn òkìtì búlọ́ọ̀kù.

“Ta ló sún un?”

“Èmi ni. Mo rò pé o ṣì í wọ̀n ni. Mo fẹ́ kí…”

“Mi ò ṣì í! Bàbá ló ní kí n sún un. Wọ́n fi ibi tí wọ́n sin bàbá wọn sí hàn mí, wọ́n ní kí n sọ fún gbogbo ẹ̀yin tá a jọ ń ṣe é.”

Mùnírátù di apá rẹ̀ mú. “Kí ló dé tó ò sọ fún mi, Akínyẹlé? Èmi tá a jọ ń jẹ, tá a jọ ń mu?”

“Ojú ló tì mí,” ó dá a lóhùn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. “Báwo ni mo ṣe máa sọ fún Zachariah pé torí sàréè ni mo fi sún ilé? Wọn ò ní rẹ́rìn-ín pa mí? Mo ní tí mo bá ti yà á bẹ́ẹ̀, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e ni.”

“Lọ sọ fún Bàbá. Lónìí ni, kì í ṣe lọ́la.”

“Jẹ́ kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀. Tí wọ́n bá pe ìpàdé lọ́la, màá sọ ọ́. Mo búra fún ọ, Múní.”

Ó gbà á gbọ́. Kí ló tún lè ṣe? Ó lọ sílé, kò jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ilé Ògúnwùmí kún fún àwọn ọdẹ àti àwọn obìnrin ilé. Mùnírátù kúnlẹ̀ láàárín wọn, Edith kúnlẹ̀ tì í. Akínyẹlé jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀.

Bàbá béèrè pé, “Ta ló sún ilé náà padà?”

“Èmi ni, Bàbá,” Mùnírátù fèsì. “Ẹ foríjì mí. N ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀.”

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Mo ní kí o sọ fún wọn. Ṣé o sọ?”

Akínyẹlé wo ilẹ̀. Ó wo àwọn ọdẹ tí wọ́n tò yí i ká, tí wọ́n ń fi í yangàn láti kékeré pé òun ni ọ̀mọ̀wé ilé. Mùnírátù gbójú sókè, ó ń retí. Ó dá a lójú pé ó máa sọ ọ́. Láàárín ìgbà díẹ̀ yẹn, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ràn rẹ̀ rí lọ, nítorí ó rí bó ṣe nira fún un tó.

Akínyẹlé ní, “Mo sọ, Bàbá.”

Edith pariwo, “Háà!”

Mùnírátù ò pariwo. Ó rọra bi í léèrè, “Akínyẹlé, ṣé o sọ fún mi?”

“Mo sọ fún ọ,” ó dá a lóhùn, kò gbójú kúrò nílẹ̀.

Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́kún. Ẹnì kan ní, “Ó gbọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, torí pé kèfèrí ni wọ́n ń pè wá.” Bàbá Ògúnwùmí wo Mùnírátù fún ìgbà pípẹ́, ó sì wo ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò le nígbà tó máa sọ̀rọ̀. Ó ní, “Dìde ńlẹ̀ ilé mi, máa lọ.” Kò pè é ní Ìyàwó Oníṣu mọ́.

Bí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ṣe túká nìyẹn. Wọ́n kó egungun padà sáàyè rẹ̀, wọ́n dí ihò, wọ́n sì kọ́ ilé ìgbẹ̀bí náà sí ibi tí Akínyẹlé sún un sí nínú àwòrán tirẹ̀. Zachariah gbé àwòrán Mùnírátù kọ́ sára ògiri, ó fi bírò pupa kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà. Mùnírátù kò dúró kí bírò náà gbẹ tó fi kó ẹrù rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Akínyẹlé rán Edith sí i pé kó ṣe sùúrù, pé tí inú bàbá bá rọ̀, òun á tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Edith jẹ́ iṣẹ́ yẹn, ó ní ó parí, ẹsẹ̀ òun ò ní bá òpùrọ́ rìn mọ́.

Mùnírátù ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ìgbó-Ọrà, ó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin méjì wá tọrọ rẹ̀. Èkíní lọ wádìí rẹ̀ ní Ìdèrè, kò sì padà wá mọ́. Èkejì ò tilẹ̀ wá gba agboorùn tó gbàgbé sọ́dọ̀ wọn. Ìyá Mùnírátù, Ìyá Àkíbù, ò bú u rí, àmọ́ bó bá ń kírun, ẹkún ló fi ń ṣàdúà. Ohun kan ṣoṣo ni Mùnírátù fi ń tu ara rẹ̀ nínú, pé wọ́n parọ́ fún Bàbá Ògúnwùmí ni. Ká ní bàbá mọ̀ ni, kì bá tí lé òun. Ó ti dárí jì í, ó sì máa ń rántí rẹ̀ bó bá ń jẹ iṣu.

Oṣù kọkànlá ọdún 1999 ni Akínyẹlé wọ ṣọ́ọ̀bù náà lọ́sàn-án gangan. Ìyá Àkíbù ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin oníbàárà méjì, ará Ìdèrè, jókòó, wọ́n ń retí ìwé ìsìnkú tí wọ́n ní kó bá wọn tẹ̀. Ọkùnrin náà ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Múní, Bàbá ti lọ lóṣù tó kọjá.”

“Mo gbọ́. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.”

“Wọ́n pè mí kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé mi ò sọ fún ọ.”

Ọwọ́ Mùnírátù dúró lójú iṣẹ́. “Wọ́n mọ̀? Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ yẹn gan-an! Wọ́n ní ẹni tó kọ ẹran lójú àwọn kò lè parọ́ fún àwọn. Wọ́n ní èmi ni àwọn ń retí, kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Wọ́n ní kí n wá mú ọ wálé. Kò sí ìdíwọ́ kankan láàárín wa mọ́, Múní.”

Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mùnírátù wò ó, nǹkan kan sì já nínú rẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó ṣì kù níbẹ̀. Bàbá tí òun ń dárí jì láti ọdún yìí wá. Bàbá mọ̀, ó sì ní kí òun dìde ńlẹ̀ ilé rẹ̀, kó má bàa dójú ti ọmọ rẹ̀ lójú àwọn ọdẹ.

“Ta ni wọ́n tún sọ ọ́ fún?”

“Kò sẹ́lòmíràn. Èmi nìkan.”

“Ìwọ ńkọ́, ta lo ti sọ ọ́ fún?”

Akínyẹlé na ọwọ́ láti di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Mo fẹ́ ọ. N ò fẹ́ ẹlòmíràn láti ọjọ́ yìí. Sọ ohun tó o bá fẹ́ kí n ṣe, màá ṣe é.”

Òótọ́ ló ń sọ, ó sì hàn lójú rẹ̀. Ohun tó burú jù níbẹ̀ ni pé Mùnírátù náà ṣì fẹ́ràn rẹ̀. Ká ní kò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ ni, ṣe ni ì bá kàn lé e jáde. Ó dìde dúró. Ó gbóhùn sókè kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè gbọ́. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò nínú ẹ̀wà, àwọn obìnrin Ìdèrè méjèèjì yíjú padà.

“Akínyẹlé ọmọ Ògúnwùmí, ṣé o sọ fún mi pé sàréè wà níbẹ̀?”

Akínyẹlé wo àwọn obìnrin náà. Ó wo Ìyá Àkíbù. Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀, bó ṣe wò ó lọ́jọ́sí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ pé, “Múní, jọ̀ọ́, àwọn èèyàn wà níbí.”

“Mo rí wọn,” Mùnírátù dá a lóhùn. “Torí wọn ni mo ṣe bi ọ́.”

Ó dúró dè é díẹ̀ sí i. Nígbà tí Akínyẹlé ò gbójú kúrò nílẹ̀, Mùnírátù jókòó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó sì ní kí àwọn obìnrin Ìdèrè máa bá òun pe orúkọ olóògbé náà, kí òun má bàa tẹ̀ ẹ́ ṣì.